Ogun lófin: bí ọ̀rọ̀ ìlera ìyá àti ọmọ ṣe jẹ́ nígbà tí ìbọn bá ń dún

Bí ẹ bá dúró nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, láàárọ̀, níbi tí àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ti pọ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Ogun wo ló lófin?" Ẹni tó sọ ọ́ ti ka àkọlé kan nípa ọsibítù tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí, ó sì ti fi ìyẹn parí ẹjọ́. Ẹnìkejì á ní òfin wà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú igbó ò buwọ́ lùwé kankan, kí ló kàn wọ́n? Ẹnìkẹta á ní obìnrin àti ọmọdé nìkan ni òfin náà ń ṣọ́, kí ọkùnrin máa kú lọ. Kò sí èyí tó purọ́ tán nínú wọn, kò sì sí èyí tó sọ òótọ́ délẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ikú ti ń wá bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ìbọn àti bọ́ǹbù ló máa ń wá sí wa lọ́kàn tí a bá ti gbọ́ ogun. Wọ́n ń pa ènìyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ìyá àti ọmọ kékeré, ohun tí ogun bà jẹ́ ló sábà ń pa wọ́n: ọ̀nà tó dí, agbẹ̀bí tó sá àsálà, fíríìjì àjẹsára tí kò ríná, kànga tó ti bàjẹ́, oko tí ẹnikẹ́ni ò lè dé mọ́.

Ẹ wo obìnrin kan tó bímọ lóru ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé lápá Akínyẹlé. Ọmọ ti jáde, ibi ti tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá. Agbẹ̀bí á gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ìdodo, á máa ra ilé ọmọ títí yóò fi le, á gún un ní abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, á fa omi sí i lára. Bí kò bá ṣì dá, ọkọ̀ á gbé e lọ sí Adéọ̀yọ́ tàbí UCH, àwọn ẹbí á sì máa wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìyẹn ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Obìnrin tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀ lè kú láàárín wákàtí méjì bí wọn ò bá dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ní báyìí, ẹ yọ nǹkan kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀. Ẹ ní iná ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí oxytocin, tó jẹ́ pé inú fíríìjì ló ń gbé, ti bàjẹ́. Tàbí pé sójà ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kọjá lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò yìnbọn sí obìnrin yìí, ogun ló sì pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣètò ìlera níbi tí ogun wà fi ń di misoprostol mọ́ ẹrù wọn: hóró oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró bíi ti oxytocin ni, kò nílò fíríìjì.

Bákan náà ni ti àjẹsára. Èéyi tí ọmọ tó ń jẹun kánú sábà máa ń là já, pípa ló ń pa ọmọ níbi tí ìdílé bíi mẹ́wàá ti ń sùn nínú kíláàsì kan, tí oúnjẹ ò sì tó. Nílé ìlera wa níbí, oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ ń kọ́kọ́ gba ti èéyi. Ní àgọ́ ogunléndé, láti oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti ń fún un, tí ó bá sì pé oṣù mẹ́sàn-án wọ́n á tún un fún un, nítorí pé bí èéyi bá wọ àgọ́ kí àjẹsára tó dé, ọwọ́ ò ní í ká a mọ́. Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń kán oògùn rẹ̀ sí ọmọdé lẹ́nu ní Kánò. Nígbà tó yá, Nàìjíríà lo ọdún méjì láìrí ẹyọ ọmọ kan tí àrùn náà mú, a ti ń múra àjọyọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ló tún yọjú, ní Borno, níbi tí Boko Haram ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Àrùn náà ò fìgbà kan lọ. A kàn ń sọ pé kò sí níbi tí kò sí ẹni tó lè lọ wò ó ni. Ó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé ẹ̀yà àtilẹ̀wá kòkòrò náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ebi wá ni àgbà gbogbo wọn. Àwa ará Ìbàdàn ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ ìyẹn, nítorí ibùdó ogun ni ìlú wa kó tó di ìlú. Nígbà tí wọ́n dó ti Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ebi ló mú kí àwọn tó wà nínú odi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pọ̀pọ̀ǹdó, ẹ̀wà ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kì í kà kún oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun Ìbàdàn sì há Ìjàyè mọ́, láti 1860 títí ìlú náà fi tú ní 1862, ìyàn mú nínú ìlú débi pé àwọn òbí ń fa ọmọ wọn lé àwọn míṣọ́nnárì lọ́wọ́ kí wọ́n má baà kú. A kì í fi ìyẹn kún un nígbà tí a bá ń ki ara wa ní ọmọ Olúyọ̀lé.

Ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. Ní oṣù Keje ọdún 1967, ìjọba Gowon fún àwọn ọmọ ogun ní ìwé ìlànà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dára: kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ aboyún tàbí kó pa á, kí wọ́n má ṣe ọmọdé ní ibi, kí wọ́n máa tọ́jú wọn, kí wọ́n má da ọsibítù, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ àti aláìsàn láàmú. Ẹni tó kọ ọ́ mọ òfin. Síbẹ̀, ohun tí gbogbo ayé fi mọ ogun yẹn ni àwòrán ọmọ tí ikùn rẹ̀ ga, tí irun rẹ̀ ti pọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kwashiorkor ni, àìsàn ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ẹ tó gbé e kúrò, kòtò á wà níbẹ̀, kò ní í dìde kíá. Ìwé ìlànà sọ ohun tí ìbọn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ọ̀nà oúnjẹ tí wọ́n dí ló ṣe é. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà já bàálù Red Cross tó ń kó ìrànwọ́ lọ sí Biafra lulẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn dókítà ọmọ Faransé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní 1971.

Òfin wá dà? Àdéhùn mẹ́rin ni wọ́n ṣe ní Geneva ní 1949, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ̀kẹrin nínú wọn ni ti ará ìlú tí kò gbé ìbọn. Ní 1977, wọ́n ṣe ìwé àfikún méjì sí i, ọ̀kan fún ogun láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, èkejì fún ogun abẹ́lé. Gbogbo orílẹ̀-èdè ayé ló gba àdéhùn 1949 wọlé, Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn.

Nínú gbogbo ìwé gbọọrọ yìí, ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìwé àfikún àkọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tí òfin ń pè ní ẹni tó gbọgbẹ́ tàbí tó ń ṣàìsàn. Ó ka obìnrin tó ń rọbí mọ́ wọn. Ó ka ọmọ tuntun mọ́ wọn. Ó ka aboyún tó nílò ìtọ́jú mọ́ wọn. Ọta ò ba obìnrin yìí, ibà ò mú un, àmọ́ ẹ̀tọ́ tí sójà tí ọta fọ́ lẹ́sẹ̀ ní ni òun náà ní: kí wọ́n wá a, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má bi í pé ìhà ta ni ọkọ rẹ̀ wà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe aboyún bí wọ́n bá jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá níbi tí sójà dí. Kì í ṣe àánú rárá.

Ìyẹn sì ni èsì fún ẹni tó ní wọ́n fi ọkùnrin sílẹ̀. Wọn ò fi í sílẹ̀. Ọkùnrin tí kò gbé ìbọn, àti èyí tó gbé e tẹ́lẹ̀ àmọ́ tó ti gbọgbẹ́ tàbí tó ti juwọ́ sílẹ̀, abẹ́ òfin kan náà ni wọ́n wà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi díẹ̀ kún ti àwọn tí ara wọn kò lè dúró de ìyà. Àpẹẹrẹ kan: àdéhùn kẹrin sọ pé kí wọ́n máa jẹ́ kí oúnjẹ tó ṣe kókó, aṣọ àti oògùn amáradá kọjá fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, aboyún àti obìnrin tó ń bímọ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tá ni ìlú wọn. Ní 1949, wọ́n fi "bí" àti "àmọ́" kún gbólóhùn yẹn, tí ọ̀gá ogun tó bá fẹ́ fi lè rí ihò sá gbà. Àwọn ìwé àfikún 1977 ló wá sọ ọ́ ní ṣàkó pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ebi pa ará ìlú láti fi jagun, ìbáà ṣe ogun abẹ́lé. Ẹ rántí pé Biafra ti ṣubú ní ọdún méje ṣáájú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọsibítù ló ń fa iyàn jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Òfin sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọlu ọsibítù ará ìlú. Ẹnìkan á wá béèrè pé, bí àwọn ọmọ Boko Haram tí ọta bà bá wà ní wọ́ọ̀dù ńkọ́? Kò yí nǹkan kan padà. Títọ́jú jagunjagun tó gbọgbẹ́ kò sọ ọsibítù di ibùdó ogun. Kódà bí wọ́n bá bá ìbọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbọgbẹ́, tí wọn ò tíì kó lọ fún aláṣẹ, ìyẹn náà kò tó. Ohun tó lè mú ààbò náà kúrò ni kí wọ́n máa ti inú ọsibítù yìnbọn, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìkó-ohun-ìjà-pamọ́ sí. Nígbà yẹn pàápàá, ìkìlọ̀ ní láti kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú àkókò tó tó, kí wọ́n lè kó aláìsàn jáde. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: àkókò wo ló tó fún obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ikùn rẹ̀ gbé ọmọ?

Àwọn kan kì í tilẹ̀ wá àwáwí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àwọn ọkùnrin oníbọn wọ wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tí Médecins Sans Frontières ń bójú tó ní Dasht-e-Barchi, ní Kabul, lórílẹ̀-èdè Afghanistan. Ènìyàn 24 ló kú, ìyá ọmọ 16 wà nínú wọn, agbẹ̀bí kan náà wà nínú wọn. Nǹkan bí ọmọ 16,000 ni wọ́n ti bí síbẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ náà kó kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ikú ọjọ́ kan ṣe ń di ikú ọdún púpọ̀, tí orúkọ àwọn tó kú lẹ́yìn rẹ̀ ò sì ní í wọ ìwé ìròyìn.

Ẹ ó rántí ẹni tó ní àwọn tó wà nínú igbó ò buwọ́ lùwé. Kò dìgbà tí wọ́n bá buwọ́ lù ú kí òfin náà tó mú wọn. Nínú àwọn àdéhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abala kẹta rí bákan náà: níbi tí ogun abẹ́lé bá wà, ìhà kọ̀ọ̀kan, ìjọba àti àwọn tó ń bá a jà, kò gbọ́dọ̀ pa ẹni tí kò jà, kò gbọ́dọ̀ dá a lóró, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó àwọn tó gbọgbẹ́ àti aláìsàn kí wọ́n tọ́jú wọn. Ọ̀ràn tí a sábà ń dà pọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìjà ni òfin ogun ń pè ní ogun. Rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà Ṣáṣá níbí ní oṣù Kejì ọdún 2021 burú, ènìyàn kú, ilé jó, ṣùgbọ́n òfin ogun kò bá a wí. Òfin Nàìjíríà tó ń ṣọ́ ẹ̀mí gbogbo ènìyàn ló bá a wí, títí kan Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003. Ti Borno yàtọ̀. Láti 2013 ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní Hague ti sọ pé ohun tó ń lọ láàárín ìjọba àti Boko Haram ti di ogun abẹ́lé. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọ́fíìsì náà ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà láti gbà pé Boko Haram àti àwọn ọmọ ogun ìjọba, ìhà méjèèjì, ti hùwà ọ̀daràn.

Ẹni tó bá ní ìwé lásán ni òfin náà lè tọ́ka sí Rann, ìlú kan ní Borno. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, wọ́n jí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé níbẹ̀. Agbẹ̀bí ni Saifura Khorsa, agbẹ̀bí ni Hauwa Liman, ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, Red Cross ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n pa Saifura ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n pa Hauwa ní oṣù Kẹwàá. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òfin gbà wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pe ikú wọn ní nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìwà ọ̀daràn, àti pé ọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní ìwà ọ̀daràn ogun kì í gbó.

Òfin náà a máa ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn, àmọ́ kì í pariwo. Ní El Salvador ní 1985, ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá a jà dá ìbọn dúró ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. UNICEF wà lára àwọn tó bá wọn ṣàdéhùn. Nígbà tí ọjọ́ náà bá kọjá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn. Ó lè dà bí àwàdà fún ẹlòmíràn, ọmọ tí kò kú èéyi kò ní rẹ́rìn-ín sí i.

Ó ku ìfipábánilòpọ̀, tí a kì í fẹ́ dárúkọ lójú agbo. Àdéhùn 1949 kọ̀ ọ́, òfin ilé-ẹjọ́ Hague sì kà á sí ìwà ọ̀daràn ogun. Ní ti ìlera, aago ni ọ̀ràn náà. Oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò HIV ráyè gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe tètè tó ló ṣe dára tó. Èyí tí kì í jẹ́ kí oyún dúró ní tirẹ̀ lè ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120. Obìnrin tí ojú ń tì, tó dúró títí di ọ̀sẹ̀ kejì, ìtọ́jú ṣì wà fún un, ṣùgbọ́n méjèèjì yìí ti kọjá. Àwọn kan máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ná. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Kí ló kan Ìbàdàn nínú gbogbo èyí? Ó kàn án nítorí pé ibi tí wọ́n ń sá bọ̀ ni. Ẹ lọ sí Sábó, Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí ẹ̀yìn ọjà Bódìjà, ẹ ó rí ìyá tó ti òkè Ọya wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìkọlù Ìgangan ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, a rí i pé kò dìgbà tó bá dé Borno kí ará ilé ẹni tó di ogunléndé. Irú wọn kì í sí nínú àgọ́ kankan, yàrá ìbátan ni wọ́n ń sùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n.

Bí ọmọ bá wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn apá rẹ̀. Téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ní àwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa. Apá òsì ni wọ́n ń lò, agbede méjì èjìká sí ìgbọ̀nwọ́, kí ọwọ́ ọmọ rọ̀ wálẹ̀, kí téèpù má fún un pọ̀. Bí kò bá pé sẹ̀ǹtímítà 11.5, inú pupa ló wà, ìtọ́jú ọjọ́ náà ni. Oúnjẹ tí wọ́n máa fún un, ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, òróró, ṣúgà àti fítámìn ni, kò nílò omi, kò nílò iná. Ẹ má fi ẹ̀kọ lásán rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú méjèèjì, ẹ má tilẹ̀ dúró de téèpù.

Àwọn aláàánú máa ń ṣe ohun kan tí mi ò lè gbójú fò: wọ́n á ra agolo mílíìkì ọmọ wá. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, tó ti rìn láti ọ̀nà jíjìn, tó rù, ọyàn rẹ̀ ṣì ní omi. Bí ẹ bá gbé agolo fún un, ọmọ á dín ọyàn mímu kù, omi ọyàn á sì dín kù tẹ̀lé e. Nígbà tí agolo bá tán, kò sówó òmíràn, wọ́n á máa fi omi kànga pò ó ní ṣíṣàn, ìgbẹ́ gbuuru á sì dé. Ìyá ni kí ẹ fún lóúnjẹ àti omi. Mílíìkì wà fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú tàbí tí dókítà bá ní kò lè fún un lọ́yàn, kí ẹnìkan sì máa tọ́jú ìyẹn títí.

Ọ̀ràn káàdì ló kù. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í lọ gba àjẹsára nítorí pé káàdì ọmọ ti jóná tàbí pé wọ́n sá fi í sílẹ̀, wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì á bú wọn. Ẹ sin wọ́n lọ. Èyí tí kò bá sí àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kà á sí èyí tí ọmọ ò gbà, wọ́n á fún un, wọ́n á sì kọ káàdì tuntun. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìlera ìjọba. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ ti gbà á tẹ́lẹ̀ nílé, gbígbà á lẹ́ẹ̀kejì kò ní pa á lára.